Oúnjẹ Tàbí Ìdárayá: Èwo Ló Ń Mú Kí Ara Fúyẹ́?

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ènìyàn bá sanra, a máa ń yìn ín. A ó ní: "Ayé ń yẹ ẹ́." Bí ó bá rù, a ó máa bi í bóyá àìsàn ló ń ṣe é. Nítorí náà, kì í rọrùn fún wa láti gbà pé sísanra jù lè di ewu.

Ṣùgbọ́n ewu ni. Ọ̀rá tó pọ̀ jù, pàápàá èyí tó wà ní ikùn, lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú lè má lè di ọkọ́ mú mọ́. Ó lè má lè gbé igbá lọ sí ọjà mọ́. Gbogbo ilé ni ìyà rẹ̀ ń kàn.

Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ènìyàn pé kí ó dín sísanra kù, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń gbọ́ nílé. Àwọn kan á ní: "Máa rìn, máa làágùn." Àwọn mìíràn á ní: "Dín oúnjẹ kù." Èwo ló ń ṣiṣẹ́ jù?

ARA WA DÀ BÍ ÀKÁ

Nígbà ìkórè, àgbàdo tí a kò jẹ, tí a kò sì tà, inú àká ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ń ṣe. Oúnjẹ ló ń fún wa ní agbára. Agbára tí a kò bá lò, ara á sọ ọ́ di ọ̀rá, á sì fi í pamọ́. Kí ohun inú àká tó lè dín kù, èyí tó ń wọlé gbọ́dọ̀ kéré sí èyí tó ń jáde.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Púpọ̀ nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, bí ó bá jẹ́ ìgò ńlá 60 sẹ̀ǹtílítà, máa ń ní ṣúgà tó tó nǹkan bí 60 gíráàmù. Ìyẹn tó nǹkan bí hóró ṣúgà 12. Ìṣẹ́jú 5 ni a lè fi mu ún tán. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó wọn kílò 70 tó lo agbára inú rẹ̀ tán, yóò fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Epo ńkọ́? Agbára inú ṣíbí epo ńlá kan gba nǹkan bí ìdajì wákàtí ìrìn. Ẹni tó da ṣíbí mẹ́ta lé ẹ̀wà rẹ̀ ti gbé ìrìn wákàtí kan àbọ̀ sínú abọ́.

Ẹ ò rí i pé ó rọrùn láti fi ìgò kan sílẹ̀ ju kí a rìn fún wákàtí kan lọ.

Ohun mìíràn tún wà. Ní orílẹ̀-èdè Tansaníà, àwọn ẹ̀yà Hadza ń ṣọdẹ, wọ́n sì ń wa iṣu inú igbó. Ọkùnrin wọn ń rìn tó kìlómítà 11 lójúmọ́, obìnrin wọn ń rìn tó bíi 6. Ní ọdún 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa wọn. Nígbà tí wọ́n ro ti ìwọ̀n ara mọ́ ọn, agbára tí àwọn Hadza ń lò lójúmọ́ kò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ. Ó jọ pé bí iṣẹ́ bá pọ̀, ara máa ń ṣọ́ agbára ná níbòmíràn.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ara fúyẹ́, ẹnu ni kí a kọ́kọ́ ṣọ́.

ṢÉ ÌDÁRAYÁ KÒ WÚLÒ NI?

Ó wúlò gan-an. Ó ń fún ọkàn lókun. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹni tó ti fúyẹ́, ìdárayá kì í jẹ́ kí ọ̀rá tètè padà.

Ìgbà tí a bá pa méjèèjì pọ̀ ló dára jù. Ní ọdún 2002, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ fẹ́ mú. Àwọn kan jẹun níwọ̀n, wọ́n sì ń ṣe ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ fi ìpín 58 nínú 100 dín kù fún wọn. Fún àwọn tó lo oògùn metformin, ìpín 31 ni.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Ẹ̀wà tàbí ẹja gba ìdá mẹ́rin kan. Òkèlè gba ìyókù.
2. Ẹ fi ṣíbí wọn epo. Ẹ má kàn máa dà á.
3. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ yín, omi ni kí ẹ mu. Ẹ dín ṣúgà inú ẹ̀kọ kù, kí ẹ sì dín sódábì àti bíà kù.
4. Ẹni tó ń ro oko lójoojúmọ́ ti ń ṣe ìdárayá. Ṣùgbọ́n aránṣọ, ìyá tó ń jókòó tajà, àti ẹni tó ń wa zémíjàn gbọ́dọ̀ wá àyè rìn. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ tó.
5. Ẹ má kánjú. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ dára. Ẹ má fi ebi pa ara yín, ẹ má sì mu àgbo ìyàgbẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ fúyẹ́.

Ẹ ṢỌ́RA

Aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dín oúnjẹ kù láìbi nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá sì ń rù láìmọ ìdí, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ JẸ́ KÍ A JÍRÒRÒ

Kí ni a máa ń sọ ní abúlé wa nípa ẹni tó sanra? Ṣíbí epo mélòó ló ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ wa? Nínú ilé wa, ta ni kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí?