Èémí Ọmọ Titun: Àyẹ̀wò Ìwé Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fáladé

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú náà ni àwọn ìyá àgbà nínú agbo ilé Ọjà'ba, Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà fi ń ṣọ́ ọmọ titun. Wọn a wò ó bóyá ó ké nígbà tí ó délẹ̀. Wọn a wò ó bóyá ó ń mu ọmú. Wọn a wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń wọ inú bí ó ti ń mí. Ọgbọ́n ni èyí, nítorí àwọn àmì wọ̀nyí kan náà ni a ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa wò. Ṣùgbọ́n ibo ni agbára ojú mọ? Ìbéèrè yìí ni a lè tọ ipa rẹ̀ nínú àwọn ìwé ìwádìí tí Adégòkè Fáladé, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìwòsàn ọmọdé ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ.

Ní 1995, ìwé kan tí wọ́n kọ láti ilẹ̀ Gáḿbíà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn àmì tí a fi ń mọ òtútù àyà ni wọ́n yẹ̀ wò, pàápàá iye ìgbà tí ọmọ ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Ìlànà tí a mọ̀ ni pé bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó ìgbà 60, mímí rẹ̀ ti yá jù. Ti ọmọ oṣù 2 sí 11 jẹ́ 50. Ti ọmọ ọdún 1 sí 5 jẹ́ 40. Wọ́n rí i pé iye tí ó ń fi òtútù àyà hàn lára ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú fi nǹkan bí 5 dín sí ti ọmọ tí ó jẹun yó. Èyí ni pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò lágbára gan-an ni àmì àrùn rẹ̀ lè fara sin fún ẹni tí ń kà á.

Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá dín púpọ̀, ara ọmọ a máa dà bí aró, ṣùgbọ́n èyí ṣòro láti rí lára awọ dúdú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré kan tí Takuo Aoyagi, ará Japan, rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi wúlò. A ń fi í há ọmọ ní ìka tàbí ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a gba inú ara kọjá, a sì fi àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú rẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ ju 90 nínú 100 lọ, ewu dé.

Ní 2019, Fáladé, Adéjùmọ̀kẹ́ Ayédé, Ayọ̀bámi Bákàrè, àti Hamish Graham àti Trevor Duke láti Australia, pẹ̀lú àwọn mìíràn, tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ó lé ní 23,000 ní ilé ìwòsàn 12 ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nínú ọmọ titun márùn-ún tí a gbà síbẹ̀, ó ju ẹyọ kan lọ tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Nínú àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù wọ́n lọ, bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni. Ewu ikú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ojú lásán kò sì tó láti dá wọn mọ̀.

Ní ọdún kan náà ni àbọ̀ ìdánwò kan láti àwọn ilé ìwòsàn náà jáde. A kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí àti ẹ̀kọ́ nípa lílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a pèsè ẹ̀rọ tí ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú iná àti àbójútó tí yóò mú un ṣiṣẹ́, fún wọn ní ìtòtẹ̀léra. Ìbò ni a fi mọ èyí tí ó kàn. Nígbà tí ẹ̀rọ ìwọ̀n dé, ikú dín láàrin àwọn ọmọ tí òtútù àyà ń bá jà. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọmọ titun, a kò rí irú àdínkù bẹ́ẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ọ́síjìn dé. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò fi í pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ti rí i.

Ohun tí ń gba èémí ọmọ titun pọ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í sábà ní ohun èlò tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀. Òmíràn ti há sí ojú ọ̀nà ìbí. Òmíràn sì ní àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Irú wọn ń fẹ́ ooru, oògùn, oúnjẹ, àti nígbà mìíràn afẹ́fẹ́ tí a fi agbára díẹ̀ tì sínú imú, ní àfikún sí ọ́síjìn.

Ẹ̀rọ pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní 2020, ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà fi hàn pé ó máa ń ka ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú sí púpọ̀ ju bí ó ti rí lọ nígbà mìíràn. Nítorí náà, kí agbẹ̀bí má ṣe fi ẹ̀rọ rọ́pò ojú, kí ó má sì fi ojú rọ́pò ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ní ó dára, ṣùgbọ́n tí àyà ọmọ ń wọ inú, tí kò sì mu ọmú, kí a tún un wò. Kí ìyá má sì dúró di ọ̀la kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.