Owó Ìlọ́po Méjì Láàárín Oṣù Kan

Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn tí orí wọn gbóná ya wọ ọ́fíìsì CBEX, ètò ìdókòwò orí ayélujára, ní Ìbàdàn, wọ́n ń kó àga jáde. Ìlérí tí wọ́n gbọ́ ni pé owó á di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ 30. Àfi bí owó ò ṣe ṣeé gbà mọ́.

MMM, ètò owó ti Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà, ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà: ó ṣèlérí èrè 30% lóṣù, kó tó ti owó pa ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀!

Kò sí òwò nídìí irú ètò báyìí. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ará iwájú.

Kí èèyàn tó dáwó, kó wò ó bóyá àjọ SEC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, fún wọn níwèé àṣẹ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, nìkan kò tó. Oníbúrẹ́dì náà lè ní in.