Àlàáfíà àti Jìhádì: Bí Kristẹni Ṣe Lè Ka Kùránì

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ ara yín pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ "àlàáfíà" ti wọ èdè Yorùbá? Bẹ́ẹ̀ náà ni "àdúrà" àti "wàásù", tí àwọn Kristẹni ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sìn Ìmàle ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Títí dòní, ọmọ ìyá kan lè máa lọ sí mọ́sáláṣí, kí èkejì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn a jọ jẹ ẹran Iléyá, wọn a sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì.

Síbẹ̀, tí Kristẹni bá gbọ́ pé àwọn kan ń pààyàn lórúkọ ẹ̀sìn, ó lè bi ara rẹ̀ pé: ṣé ti àlàáfíà ni ẹ̀sìn ẹ̀gbọ́n mi yìí, àbí ti ogun? Tí ìbéèrè yìí bá wà lọ́kàn yín, ẹ jẹ́ kí a wo Kùránì fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀. "Ìsìláàmù" ni kí ènìyàn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Gbòǹgbò kan náà ni òun àti "sàlámù", ìkíni àlàáfíà àwọn Mùsùlùmí. "Jìhádì" túmọ̀ sí ìsapá. Ogun jíjà lè jẹ́ jìhádì. Bíbá ìwà burúkú ara ẹni jà náà lè jẹ́ jìhádì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àsìkò. Láti nǹkan bí ọdún 610 ni Ànábì Muhammad ti ń wàásù ní Mẹ́kà. Wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jagun. Ní 622, wọ́n ṣí lọ sí Mẹ̀dínà, ibẹ̀ ni ogun sì ti bẹ̀rẹ̀. Súrà 22, ẹsẹ 39, gba àwọn tí a fìyà jẹ láìṣẹ̀ láyè láti jà. Súrà 2, ẹsẹ 190, kìlọ̀ pé kí wọ́n má kọjá ààlà; ẹsẹ 256 sì sọ pé kò sí ipá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ní 628, Ànábì bá àwọn ará Mẹ́kà ṣe àdéhùn àlàáfíà ní Hudaybiyya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn kan lára àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dùn sí i.

Ẹ má fo àwọn ẹsẹ tó le. Súrà 9, ẹsẹ 5, pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ọ̀ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 4 yọ àwọn tó pa àdéhùn mọ́ sílẹ̀, ẹsẹ 6 sì ní kí wọ́n dáàbò bo ọ̀ṣẹbọ tó bá tọrọ ààbò. Ẹsẹ 29 kan Kristẹni àti Júù: ó ní kí wọ́n bá wọn jà títí wọn yóò fi san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ kan gbà pé irú ẹsẹ wọ̀nyí borí àwọn ẹsẹ àlàáfíà. Àwọn mìíràn ní ogun ìgbà náà nìkan ni wọ́n ń sọ. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn ajàjàgbilà òde òní dì mú. Ti èkejì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tẹ̀ lé. Nínú ìtàn pẹ̀lú, ogun ẹ̀sìn ti jà: jìhádì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Haúsá ní 1804 ló fa ìjọba tí Ìlọrin wá di apá kan rẹ̀.

Ogun pọ̀ nínú Ìwé Jóṣúà náà, Kristẹni kì í sì í fẹ́ kí a fi ìwé yẹn nìkan ṣèdájọ́ ẹ̀sìn òun. Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Tí wọ́n bá fi ẹsẹ kan hàn yín, ẹ ka èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ Mùsùlùmí tí ẹ mọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ "jìhádì"?
2. Kí ló yí padà lẹ́yìn ọdún 622?
3. Èrò méjì wo ni àwọn onímọ̀ ní nípa àwọn ẹsẹ ogun?
4. Báwo ni òwe yẹn ṣe bá ọ̀rọ̀ yìí mu?