Igẹ̀ gbàǹgbà: òógùn kọ́, abẹ́rẹ́ ni!
Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń wo àwọn abara líle orí fóònù, tó ń kẹ́gàn ara tirẹ̀, ẹ sọ èyí fún un. Lọ́dún 1996, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn lórí ọkùnrin 43 jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ 10, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ testosterone láìṣe eré ìdárayá fi nǹkan bíi kílò 3 ẹran ara kún. Àwọn tó gbé irin láìgba abẹ́rẹ́ fi 2 kún. Àwọn tó ṣe méjèèjì, 6.

Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè máà jẹ́ kí ọkùnrin rọ́mọ bí. Kílò 2 òógùn sàn ju 6 oògùn lọ.