Àìsàn tí Kò Ṣeé Wò Sàn Ṣì Ṣeé Tọ́jú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹbí aláìsàn kì í fẹ́ gbọ́ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà ni: “Ẹ máa gbé e lọ sílé.” Bí àìsàn bá le ní Akparé, Atakpamé ni wọ́n ń gbé aláìsàn lọ, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá ti ẹkùn Plateaux wà. Bí ti Atakpamé kò bá tó, ó di Lomé, tí ó jìnnà tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí Atakpamé. Owó ọkọ̀ ń bẹ, owó oògùn ń bẹ, oko sì wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò ro. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, bí dókítà bá sọ pé àrùn jẹjẹrẹ ti tàn káàkiri ara, ẹbí a gbà pé ó parí. Wọn a di ẹrù, wọn a sì gbé baba tàbí ìyá wọn padà sílé pẹ̀lú ìrora rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ọ̀tọ̀ ni kí a wo àrùn sàn, ọ̀tọ̀ ni kí a tọ́jú ẹni tí ó ń ṣàìsàn. Ìtọ́jú yìí kò gbọdọ̀ dúró, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ó sì pọ̀ sí jù. Dókítà lè wọlé lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì ni ó wà nítòsí ní òru, nígbà tí ìrora bá dé.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin tí ó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ yìí múlẹ̀ ní ayé òde òní. Cicely Saunders ni orúkọ rẹ̀, ará Ìlú Ọba ni. Ó di dókítà lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1967, ó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn mọ́. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan. Bí ọkùnrin kan bá ń ronú gbèsè tí ó jẹ, àti ọmọ tí kò tíì parí ilé ìwé, oògùn nìkan kò lè mú un sùn. Inú ilé tí ó dá sílẹ̀ yìí ni òun fúnra rẹ̀ kú sí ní ọdún 2005.

Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe ń mọ bí ìrora ti pọ̀ tó? Ó ń béèrè ni. Ó fà sún mọ́ ibùsùn, ó kí aláìsàn: “Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú. Níbo ni ó ń dùn yín?” Lẹ́yìn náà ni ó lo ọwọ́. Bí ìyá bá di ìkúùkù, kò sí ìrora. Bí ó bá na ìka kan, ìrora náà kéré. Bí ó bá na ìka márààrún, ìrora náà ti kọjá àfaradà. Ẹni tí kò mọ ìwé lè dáhùn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ náà lè dáhùn.

Oògùn ìrora líle yìí wà. Mọ́fíìnì ni wọ́n ń pè é. Ní Ùgáńdà, dókítà Anne Merriman dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní ọdún 1993, níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun mọ́fíìnì mọ́ omi fún mímu. Wọ́n ń fi àwọ̀ sí i: èyí tí ó ní àwọ̀ ewé ni kò le, pupa le jù ú lọ, búlúù ni ó le jù. Ní ọdún 2004, òfin Ùgáńdà gba àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láyè láti kọ oògùn náà fún aláìsàn. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé dókítà kì í sí ní abúlé. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò di bárakú. Bí wọ́n bá lò ó fún ìrora bí ó ti yẹ, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní ọjà kọ́ ni eléyìí o.

Ní Ìbàdàn, ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ni ó ṣe aṣáájú irú ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn UCH, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ibẹ̀ lọ bá aláìsàn nílé. Àmọ́ ó ṣì ṣọ̀wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó nílò rẹ̀ ní gbogbo ayé, bí i 14 péré ni ó ń rí i gbà.

Ohun tí ó nira jù ni ọ̀rọ̀ sísọ. Èdè Ifẹ̀, tí ó bá Yorùbá tan, ni wọ́n ń sọ ní Akparé. Nọ́ọ̀sì lè má gbọ́ ọ. Ọmọ-ọmọ ni yóò wá máa túmọ̀ èdè Faransé fún baba àgbà, àánú a sì máa mú un fi òótọ́ pa mọ́. Kò yẹ kí wọ́n gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lórí. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ a wá àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ èdè méjèèjì. A fún wọn ní àga. A kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa àìsàn náà àti ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀, kí ó tó sọ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá sunkún, kì í lé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ líle láti ẹnu òṣìṣẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́kàn ẹbí ju orúkọ àrùn náà lọ.

Ó tún ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Wọn yóò máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa yọ ní ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn yóò máa fi omi iyọ̀ díẹ̀ nu ẹnu rẹ̀. Bí kò bá lè jẹun mọ́, wọn kò ní fi tipátipá fún un.

Kí ẹbí tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè: Oògùn ìrora wo ni a ó lò, wákàtí mélòó-mélòó? Bí ìrora bá le sí i ní òru ńkọ́? Ta ni a ó pè, nọ́ńbà wo sì ni a ó fi pè é?