Bí Ewúrẹ́ Bá Rọbí Tí Ọmọ Kò Wá

Ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa, ọlọ́mọ yọyọ tí í máa bí èjìrẹ́ lóòrèkóòrè, a máa gbé oyún fún nǹkan bí 150 ọjọ́, a sì máa sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá dábùú sínú, tàbí tí a bá jẹ́ kí òbúkọ gun abo tí ìbàdí rẹ̀ kò tíì gbó, ikúnlẹ̀ a di ogun, èrè ọ̀sìn a sì di òfò.

Ọmọ tí ó bá wá dáadáa a na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta, a sì gbé imú lé wọn lórí. Èyí tí ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ṣáájú náà lè jáde láyọ̀, bí kò bá pẹ́ lójú ọ̀nà. Ewu ń bẹ níbi tí ẹsẹ̀ kan bá ká sẹ́yìn, tí ó jẹ́ ìrù nìkan ni ọwọ́ bà, tàbí tí ọrùn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn baba wa sì ti wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ewúrẹ́ bá ti fi gbogbo agbára rọbí fún 30 ìṣẹ́jú tí a kò rí nǹkan kan, dókítà ẹran ni kí a ké sí. Bí dókítà bá jìnnà, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré gé èékánná, kí ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó fi òróró tí ó mọ́ pa á, kí ó sì rọra wá ọ̀nà wọlé. Oríkèé méjì tí ó wà lókè pátákò ẹsẹ̀ iwájú a máa ká sí ọ̀nà kan náà, ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a sì máa ká lòdì sí ara wọn: báyìí ni ọwọ́ fi ń mọ ohun tí ojú kò rí. Kí ó tún tọ ẹsẹ̀ méjèèjì dé àyà, kí ó má baà jẹ́ pé ẹsẹ̀ Táyé àti ti Kẹ́hìndé ni ó dì mú pọ̀. Nígbà tí ìyá bá ń sinmi ni a ń ti ọmọ padà díẹ̀, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo pátákò kí ó má baà fa ilé-ọmọ ya, tí a sì ń na ohun tí ó ká. Nígbà tí ìyá bá tún rọbí ni a tó ń fà á, síta àti sísàlẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, kí a nu ikun imú àti ẹnu rẹ̀, kí a gbé e síwájú ìyá kí ó lá a, kí a fi áyódìn sí ìwọ́ rẹ̀, kí ó sì mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí inú wàrà yìí ni ohun tí yóò bá a gbógun ti àìsàn wà. Bí ibi kò bá wá lẹ́yìn wákàtí 12, ẹ má fà á. Dókítà ni kí ẹ pè. Kí aboyún sì jìnnà sí iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn kòkòrò àrùn kan tí í mú kí oyún ewúrẹ́ bàjẹ́ lè ṣe oyún ènìyàn ní jàǹbá.

Ẹ̀yin olówó ẹran, kí oyún tó pé oṣù márùn-ún ni kí ẹ ti mọ ilé dókítà ẹran tí ó súnmọ́ yín jù lọ, kí a lè gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ.