Ọ̀pọ̀lọ́ Houston Kò Sí Ní Houston

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo sọ fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá pé mo ń lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa ẹranko afàyàfà, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, ó ní kí n gbọn bàtà mi dáadáa kí n tó padà wọlé. Ó rò pé ejò ni wọn yóò máa gbé lé ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ni ó pọ̀ jù, àti kọfí tí kò dùn.

Houston níhìn-ín ni a ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tí ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí. Ní 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Inú iyanrìn rírọ̀ ni ó máa ń wọ̀ sá fún oòrùn àti òtútù. Ọ̀dá dá, ìlú sì ń gbòòrò. Ilé àti títì ọlọ́dà bo iyanrìn náà. Láàárín 1960 sí 1969 ni ó pòórá ní Houston, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹranko tí ó fẹ́ run ní 1970. Agbègbè Bastrop ni ó kù sí jù, ó ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ sí ìhín; ní 2011 iná ńlá tún jó igbó ibẹ̀. Láti 2007 ni ọgbà ẹranko Houston ti ń sìn wọ́n, tí wọ́n ń kó ẹyin wọn lọ sí omi Bastrop. Ẹ wò ó, inú ọgbà ẹranko ni onílé wá di àlejò sí!

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ìyá àgbàlagbà kan bi mí ní ibi tí mo ti wá. Mo ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Nàìjíríà. Kíá ni ó dárúkọ Malanville ní orílẹ̀-èdè Benin: ó ti ka ìwádìí kan tí ó jáde ní 2010, nípa bí wọ́n ṣe ń kó àkèré tí wọ́n ti sá gbẹ tàbí tí wọ́n ti dín láti ibẹ̀ wá tà ní Nàìjíríà. Ó ṣí ìwé àwòrán. "Kí ni ẹ ń pe èyí nílé?" Mo ní ọ̀pọ̀lọ́. Èyí ńkọ́? Àkèré. Ìkẹta, mo tún ní àkèré. Ìkẹrin, mo ní kọ̀ǹkọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ bóyá òun ni. Ojú tì mí. Orúkọ wọn ní èdè Látìn, mo mọ̀ ọ́n lórí.

Ìyá mi àgbà kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n bí òjò bá dá lóru, a máa fi ohùn mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa dárúkọ wọn. Mo wà níbẹ̀, n kò fetí sí i. Ó ti di olóògbé.

Mo ti ra ìwé kan tí mo ń kọ àwọn orúkọ náà sí. Mẹ́rin péré ni ó dá mi lójú. Èyí kékeré tí ń gun ewé lẹ́bàá omi ní àkókò òjò, tí orí ìka rẹ̀ rí roboto, bí ẹ bá mọ orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Kétu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ kún un.